Àpá Àkọ́kọ́ Lára Ọkọ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bàbá Jẹ́jẹ́ wa píkọ́ọ̀pù tuntun rẹ̀ wálé, kò gba ẹnu géètì wọlé bí àwọn ẹlòmíràn ti í ṣe. Ó dá ọkọ̀ náà dúró síta, ó bọ́ sílẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó fi wọn ìbú ọkọ̀, ó sì na apá náà bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹnu géètì bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ ọ. Ó padà sídìí ọkọ̀, ó tún un wọ̀n. Ó tún padà sídìí géètì, bóyá ó ti sún mọ́ra nígbà tí òun kọ ẹ̀yìn sí i. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí ìyàwó òun dúró lápá ọ̀tún, kí ọmọbìnrin òun dúró lápá òsì, kí ìyá òun, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ké bí ọkọ̀ bá fẹ́ kan ohunkóhun.

"Ó kù díẹ̀!" ni ìyàwó rẹ̀ ké.

Bàbá Jẹ́jẹ́ tẹ bíréèkì. "Kí ló kù díẹ̀? Kó wọlé ni àbí kó kan ògiri?"

"Kílẹ̀ ṣú ni! Ẹ wọlé, ẹ̀fọn ń jẹ wá."

Iṣẹ́ dígí ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Ó ń gé e, ó ń dán etí rẹ̀, ó ń gbé e sójú fèrèsé àti sára ògiri onílé. Jẹ́jẹ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí èèyàn méjì bá ti gbé dígí nílẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé ó ń sọ ọ́ fún ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbá, fún omi tó ń hó lórí iná, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀, nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ jáde, kò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. "Jẹ́jẹ́" ló sọ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e ní òòró, bí ẹni gbé dígí.

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò mọ̀ pé ó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan wà ní ipò rẹ̀. Aṣọ ìnudígí méjì ló ní, méjèèjì kì í sì í pàdé. Funfun ni fún ojú dígí. Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ lápá òsì ló ń gbé. Búlúù ni fún etí dígí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, àpò ẹ̀yìn lápá ọ̀tún sì ni tirẹ̀. Oníbàárà kankan kì í jáde kí ó má gbọ́ ìwàásù yìí: "Aṣọ tó bá ti kan etí dígí tí wọ́n gé, ìyẹ̀fun dígí ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi kan ohun tó ń dán láéláé. Ẹ ò ní rí ohun tó ṣe lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ bá bá a mu ni ẹ máa rí i, ẹ̀yin gan-an lẹ sì máa sunkún." Àwọn oníbàárà á mi orí, wọ́n á sì lọ.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ dé ni ètò àpò yìí yí padà díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà tóbi, ó wúwo, ó ní bọ́tìnì lórí bíi rédíò kékeré. Bàbá Jẹ́jẹ́ kò fẹ́ kí ó máa bá nǹkan mìíràn gbé. Ó yọ aṣọ funfun kúrò nínú àpò ẹ̀yìn lápá òsì, ó gbé e sí àpò àyà, kí kọ́kọ́rọ́ lè ní yàrá tirẹ̀.

Nípa ti ọkọ̀ náà, kì í ṣe fún fàájì ló ṣe rà á. Èyí tó ní tẹ́lẹ̀ ti kú lẹ́ẹ̀mẹta, ikú kẹta yìí sì ni mẹkáníìkì gbà pé ikú gidi ni. Iṣẹ́ ló ra tuntun fún, gbogbo ilé ló sì mọ ohun tí ọkọ̀ onídígí gbọ́dọ̀ ní. Dígí ńlá kì í dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀; bí ó bá dùbúlẹ̀, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni yóò fi ikùn gbà, yóò sì là sí méjì. Ìdúró ni wọ́n ń gbé e, kí ó fara ti férémù irin, kí wọ́n fi okùn dè é. Férémù náà dà bí àkàbà méjì tó forí ti ara wọn, wọ́n sì máa ń fi bóòtù dè é mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọn-in gbọn-in.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀, wẹ́dà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ̀nàmọ́ná, ti jó férémù yìí pọ̀ kí ọkọ̀ tó dé rárá. Ó ti kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó ti gbé e ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó kù kò ju ihò mẹ́rin lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mọ̀nàmọ́ná dé pẹ̀lú dírìlì lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Bọ̀dá, ẹ kú oríire ọkọ̀! Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ihò mẹ́rin, ó parí. Lẹ́yìn náà a ó gbé e ga díẹ̀ sí i, a ó fi irin síwájú rẹ̀, a ó to iná mẹ́rin sórí rẹ̀. Mo sì mọ ibi tí fèrè kan wà. Fèrè ọkọ̀ ojú omi ni! Tí ẹ bá fọn ọ́n níbí, àwọn tó wà létí òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́."

Bàbá Jẹ́jẹ́ ti bọ́ sáàárín dírìlì àti ọkọ̀. "Lónìí kẹ̀?"

"Ìgbà wo ni kẹ̀?"

"Ọkọ̀ tó dé lánàá! Ọkọ̀ tí kò tíì mọ ilé! Mọ̀nàmọ́ná, ṣé bí àlejò ṣe ń dé ilé tìẹ nìyẹn, tí o máa ń dá ihò sí i lára?"

"Bọ̀dá, irin ni."

"Jẹ́jẹ́. Jẹ́ kó ṣe sáfíìsì àkọ́kọ́ ná."

Ọkọ̀ ṣe sáfíìsì àkọ́kọ́. Mọ̀nàmọ́ná gbé dírìlì dé. Bàbá Jẹ́jẹ́ ní ó yẹ kí òjò kọ́kọ́ pa á, kí àwọn mọ̀ bóyá ibì kan ń jò, nítorí ẹni tó bá ti lu ọkọ̀ kò ní lè mọ èyí tó jẹ́ ihò tirẹ̀ mọ́ àti èyí tó bá a wá. Òjò rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó rí ọkọ rẹ̀ tó fi agbòòrùn bo iwájú ọkọ̀, tí omi ń ṣàn lórí òun fúnra rẹ̀ bí ẹni tó dúró sábẹ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òjò ló ń pa ọkọ̀ àbí ẹ̀yin ló ń pa?"

"Mò ń jẹ́ kó mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀ ni!"

Nínú ọkọ̀ náà, òfin tún wà. Bàtà kì í wọ ibẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àga láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi èékánná kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé Màmá Àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀, wọ́n gbé e gòkè, ó jókòó. Bí ìdí rẹ̀ ti kan ọ̀rá, ohùn kan jáde lábẹ́ rẹ̀, pùùùù, ó gùn, ó sì ní ìró bí ẹni tó ń ṣàròyé. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Ọmọ rẹ̀ wo dígí iwájú ọkọ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ wo ìta, ọmọ-ọmọ rẹ̀ di ẹnu mú.

"Èmi kọ́ o," ni Màmá Àgbà wí. "Àga ni."

"Màmá, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀."

"Ẹ dákẹ́. Irú dídákẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ni. Mo ní àga ni!"

Gbogbo èyí ìbá ṣeé fi rẹ́rìn-ín lásán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró. Oníbàárà ń pè, dígí ń bẹ nílẹ̀, ọkọ̀ kò sì lè gbé e láìsí férémù. Bàbá Jẹ́jẹ́ wá ọgbọ́n dá. Ó lọ yá bárò lọ́wọ́ bíríkìlà, ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, ó gbé dígí dúró sí i, ó sì ń tì í lọ ní títì pẹ̀lú "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́" lẹ́nu. Kí ọkọ̀ ẹlòmíràn má bàa gbá a láti ẹ̀yìn, ó ní kí ìyàwó òun máa wa píkọ́ọ̀pù bọ̀ lẹ́yìn òun, kí ó tan àwọn iná tó ń ṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ káàkiri àdúgbò: ẹrù wà nínú bárò, ọkọ̀ akẹ́rù ṣófo, ó ń sìn ín bọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní òdìkejì títì, onídígí mìíràn wà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, Wàràwàrà ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Ọkọ̀ tirẹ̀ ti gbá nǹkan débi pé ẹnikẹ́ni kò lè búra mọ́ nípa àwọ̀ rẹ̀. Okùn ló fi so ilẹ̀kùn kan, ilẹ̀kùn kejì sì jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn. Ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rí àwọn tó ń kọjá, ó dìde kí ó lè rí wọn dáadáa.

"Jẹ́jẹ́! Ọkọ̀ ló ń sìn ẹ́ lọ síbi iṣẹ́, àbí ìwọ lo mú un jáde kó gba atẹ́gùn?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ bárò, ó ń tì í lọ.

"Tí ó bá ti rẹ bárò, gbé bárò sórí ọkọ̀! Ẹ kú ìrìn o, ìyàwó wa! Ẹ rọra o, ẹ má sáré ju bárò lọ!"

Ìyàwó Bàbá Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ kan bo ojú, ó fi èkejì di ọwọ́ ìwakọ̀ mú.

Ohun tí kò ṣeé fi bárò gbé ni dígí ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti kọ́ iṣẹ́ ìdìrí parí, ó ti rí ṣọ́ọ̀bù, ó ti kun ògiri, ó ti to àga. Sátidé ló fẹ́ ṣí i. Láti ìgbà tó ti ń di irun bèbí lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, níwájú àkúfọ́ dígí tí bàbá rẹ̀ dán etí rẹ̀ fún un kí ó má bàa gé e lọ́wọ́, ni bàbá náà ti ń ṣèlérí pé lọ́jọ́ tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, òun yóò gé dígí kan ṣoṣo fún un láti ògiri dé ògiri, láìsí ojú àsopọ̀. Ó sì ti gé e. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ aṣọ ìbora, ó gùn ju ẹnu ọ̀nà lọ, ó dúró bí ìyàwó tuntun tí wọn kò tíì wá mú.

Ọmọ náà wọlé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òòyà onírù irin ṣì wà nínú irun rẹ̀.

"Dádì, Sátidé ni o."

"Mo mọ̀."

"Kò lè wọ inú bárò."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n lọ bẹ Bàbá Wàràwàrà kí wọ́n bá wa gbé e?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ gbé irin ìgé dígí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ta ni?"

"Bàbá Wàrà..."

"Ọkùnrin tó ń gbé dígí bí ẹni gbé pákó? Dígí tí mo fi ọwọ́ ara mi gé fún ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé, kí Wàràwàrà wá jù ú sórí àkísà ọkọ̀ yẹn? Tó bá fọ́ ńkọ́? Tí kò bá wá fọ́ ńkọ́, tó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun gbé e?"

Ìyàwó rẹ̀, tó ń gbálẹ̀, dá ìgbálẹ̀ dúró. "Ó dáa. Tí ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dá ìgbà fún wa. Kì í ṣe sáfíìsì, kì í ṣe òjò. Ìgbà tí gbogbo wa á fojú rí, tí a ó mọ̀ pé ó ti tó."

Bàbá Jẹ́jẹ́ jáde, ó wo ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó wò ó bọ̀. Ó fa aṣọ yọ lápò ẹ̀yìn, ó nu ibi kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó sì padà wọlé.

"Ẹ gbọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ara rẹ̀ mọ́. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi ba ohun tó mọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n tí àpá kan bá ti wà lára rẹ̀, ó ti di ọkọ̀ bí ọkọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bá fi ojú ara mi rí àpá àkọ́kọ́, ẹ gbé dírìlì wá. Mi ò ní sọ pé rárá."

"Ẹ̀jẹ́ nìyẹn?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Ẹ̀jẹ́ ni."

"Tí a ò bá rí àpá títí di àárọ̀ Sátidé," ni ọmọ rẹ̀ wí, "mo pe Bàbá Wàràwàrà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ó mi orí.

Láti ìgbà náà, ẹni gbogbo nílé náà ló ń wá àpá, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún ẹnì kejì. Ìyàwó ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná. Ó gbé ọwọ́ sókè níwájú ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kedere, ó rí i pé gèlè òun wọ́. Ó tún un ṣe. Ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, inú rẹ̀ dùn sí ohun tó rí, ó sì wọlé padà. Ó ti dé ìdí ààrò kí ó tó rántí pé òun kò ṣe ohun tí òun bá lọ.

Ọmọ rẹ̀ lo ìrù òòyà. Ó fà á gbọọrọ lára ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì rí ìlà. Ó fò sókè. "Dádì! Àpá rèé o! Àpá gidi!" Bàbá rẹ̀ sáré dé, ó tẹjú mọ́ ọn, ó fa aṣọ yọ, ó nù ún fẹ̀ẹ̀. Ìlà náà pòórá.

"Eruku lásán ni," ló wí, ó sì mí kanlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nu ìyókù, ó ń yí i po, ó ń yí i po.

Ní ọ̀sán Ẹtì, Mọ̀nàmọ́ná mú ìṣó ńlá wá. Nígbà tí àǹtí rẹ̀ máa fi yọjú, ó ti ju ìṣó sílẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọkọ̀ náà lára. "Àǹtí, ẹ wo bí wọ́n ṣe kun irin yìí. Èèyàn kan ló jókòó tó kùn ún báyìí. Mi ò lè bá oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi ṣe é."

Màmá Àgbà gbọ́, ó pòṣé. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọkàn yín rọ̀ bí ògì. Ẹ fà mí dìde." Ó rọra jáde, ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sókè, ó pa ojú dé, ó sì là á mọ́ ọkọ̀.

Táyà ló bà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò mọ ìyàtọ̀. Ó bú sẹ́kún: fìì-fìì-fìì-fìì! Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Màmá Àgbà náà bú sẹ́kún, ó ń ké mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ń ké mọ́ ọn. Bàbá Jẹ́jẹ́ já jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì nídìí, ọṣẹ bo gbogbo orí rẹ̀.

"Ta ni? Kí ni?"

"Ọkọ̀ rẹ ló bú mi!" ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo kàn kí i ni!"

Nígbà tí ó ti fi omi ṣan ara, tó sì ti wọ ṣòkòtò, ó tún jáde wá, ó fa aṣọ yọ lápò ẹ̀yìn, ó sì nu ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ tí wọ́n já láyà.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, àpá kankan kò sí. Wàràwàrà dé kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ tán. Wọ́n gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó rí i, wọ́n sì rí èéfín rẹ̀ kí wọ́n tó rí òun fúnra rẹ̀.

"Dígí dà? Ẹ gbé e wá wàràwàrà, mo ní ibòmíràn lọ!"

Bàbá Jẹ́jẹ́ dìde nídìí oúnjẹ. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ká aṣọ ìbora kúrò. Òun àti Wàràwàrà di orí rẹ̀ mú, Mọ̀nàmọ́ná àti ọmọ rẹ̀ di ìdí rẹ̀ mú. "Jẹ́jẹ́," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ. Ọmọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó sì yára gbé ojú kúrò. Wọ́n gbé dígí jáde sínú oòrùn àárọ̀, wọ́n yà á díẹ̀ kí ó lè gba ẹnu géètì kọjá. Bí ó ti yà, oòrùn bá a mu. Ìmọ́lẹ̀ ńlá kan já láti ojú dígí, ó gba àgbàlá kọjá, ó sì tẹ́ sórí píkọ́ọ̀pù láti orí dé ẹsẹ̀.

Màmá Àgbà, tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, na ọ̀pá. "Ẹ dúró. Ta ló ya alántakùn sára ọkọ̀ ọmọ mi?"

Wọ́n wò ó. Gbogbo ara ọkọ̀ náà ló kún fún ìlà wínníwínní, roboto nínú roboto, lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, lára ilẹ̀kùn, lókè, nísàlẹ̀, bí ìgbà tí alántakùn ẹgbẹ̀rún kan bá ṣe ìpàdé, tí wọn kò sì fẹnu kò. Nínú ìmọ́lẹ̀ ojoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò rí i. Nínú ìmọ́lẹ̀ dígí yìí, ó hàn bí ìwé.

Bàbá Jẹ́jẹ́ gbàgbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sáré lọ síbẹ̀.

"Ẹ má jù ú sílẹ̀!" ni ọmọ rẹ̀ ké. "Dádì, dígí mi!"

Báyìí ni ọkùnrin tó fẹ́ kú nítorí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ní láti kọ́kọ́ sọ dígí kalẹ̀ jẹ́jẹ́, igun kan lẹ́yìn igun kejì, kí ó gbé e ti ògiri, kí ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ìdí rẹ̀, kí ó wò ó bóyá ó dúró. Lẹ́yìn náà ló tó sáré. Ó fi imú kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mọ irú àpá yẹn. Ó ti rí i lára dígí oníbàárà tó pọ̀, ó sì ti bá wọn wí lórí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ sí àpò ẹ̀yìn lápá òsì, ó bá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ó lọ sápá ọ̀tún. Ó fa aṣọ yọ, ó sì gbé e sókè sójú oòrùn.

Búlúù ni. Ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ìyẹ̀fun dígí sì ń tàn yinrinyinrin bọ̀ sílẹ̀.

Aṣọ funfun ṣì wà ní àpò àyà rẹ̀, ó ká rẹ́gí, kò tíì dọ̀tí rí láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé.

Wàràwàrà ló kọ́kọ́ yé. Ó di ikùn mú, ó wá nǹkan fara tì, ó rí i pé ọkọ̀ tuntun ni, ó lọ fara ti tirẹ̀. "Jẹ́jẹ́! O ti fi jẹ́jẹ́ ha gbogbo ọkọ̀ ẹ tán! Ẹ wo tèmi, ẹ wo bí ayé ṣe lù ú tó, kò ní àpá tó tó ìdajì èyí! Àràárọ̀ lo ń jí ṣe é o, mo máa ń rí ẹ láti ọ̀ọ́kán, mo sì ń sọ pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọkọ̀!"

"Bọ̀dá," ni Mọ̀nàmọ́ná rọra béèrè, "ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Pẹ̀lú ojú ara yín?"

Màmá Àgbà kan ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti gùn jù. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àpá rèé àbí kì í ṣe àpá?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ jókòó sínú bárò. Ó wo aṣọ búlúù, ó wo ọkọ̀, ó wo dígí ọmọ rẹ̀ tó fara ti ògiri, ó rí gbogbo wọn nínú rẹ̀: ìyàwó rẹ̀ tó di ẹnu mú, ọmọ rẹ̀ tó pa ọwọ́ pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, òun fúnra rẹ̀ nínú bárò bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ lọ dà nù. Nǹkan kan mì án láti ikùn. Wọ́n rò pé ẹkún ni, títí tí ẹ̀rín fi bú jáde lẹ́nu rẹ̀, tí bárò sì dojú dé pẹ̀lú rẹ̀.

"Àpá ni," ló wí láti ilẹ̀. "Mọ̀nàmọ́ná, dírìlì dà?"

Òun fúnra rẹ̀ ló lu ihò àkọ́kọ́. Ó pa ojú méjèèjì dé, Mọ̀nàmọ́ná sì ń darí ọwọ́ rẹ̀.

"Wàràwàrà!" ni Wàràwàrà ń kígbe.

"Jẹ́jẹ́!" ni ìyàwó rẹ̀ ń dáhùn.

Dírìlì ké, ó ké, ó sì já sísàlẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ la ojú kan. Ọkọ̀ kò kú. Ó mú ìdì irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde látinú ihò, tó ká bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ó sì fún ọmọ rẹ̀. Ihò kejì, ojú rẹ̀ là. Ihò kẹta, kò jẹ́ kí Mọ̀nàmọ́ná fọwọ́ kàn án mọ́. Ìgbà tí ìkẹrin já, ó ṣì di dírìlì mú.

"Ṣé mẹ́rin péré ni?"

"Mẹ́rin ni férémù gbà, Bọ̀dá."

"Fèrè ọkọ̀ ojú omi yẹn ńkọ́? Ihò mélòó ni tirẹ̀?"

"Ẹ gba dírìlì lọ́wọ́ wọn!" ni ìyàwó rẹ̀ ké.

Wọ́n gbé férémù sí i, wọ́n mú bóòtù le, wọ́n gbé dígí gòkè, ó fara ti irin, wọ́n dè é. Ìyàwó Bàbá Jẹ́jẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì mi orí. Ó ki èékánná bọ ọ̀rá àga, ó fà á ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìró rẹ̀ dùn ju orin lọ. Wọ́n kó gbogbo ọ̀rá jáde. Wọ́n wọ bàtà wọnú ọkọ̀, gbogbo wọn, Mọ̀nàmọ́ná tiẹ̀ padà sẹ́yìn lọ wọ tirẹ̀ tó ti gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà.

Wàràwàrà kò lọ ibòmíràn tó ní òun ń lọ. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá dígí ọmọ òun láti ẹ̀yìn. Ó tan iná kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣẹ́jú lára ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń sìn wọ́n bọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ṣófo, ó ń rọra.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ń wakọ̀, ọ̀run àti àwọn ilé ń kọjá nínú dígí lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ di ìdì irin yẹn mú lọ́wọ́ bí ẹ̀bùn. Màmá Àgbà wà láàárín àwọn tó jókòó sí àga ẹ̀yìn, ó rọra yí ìdí padà lórí àga tó mọ́ lóló, àga aláṣọ, tí kò ní ọ̀rá kankan lórí mọ́.

Pùùùù.

Gbogbo èrò inú ọkọ̀ dákẹ́. Ìyàwó wo ìta. Mọ̀nàmọ́ná wo òkè. Bàbá Jẹ́jẹ́ rọra gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀ nínú dígí kékeré tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn.

Màmá Àgbà tẹjú mọ́ ojú ọ̀nà, ó gbé ọ̀pá lé orúnkún.

"Àga ni," ló wí.